Ìgbà mẹ́ta nínú táńkì ọ́síjìn: àkọsílẹ̀ ìtọ́jú aláìsàn kòrónà kan

Ọkùnrin ẹni ọdún 56 ni. Ó ti ní àtọ̀gbẹ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, kò mu sìgá rí. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 ni wọ́n gbé e wá bá wa, ní ọjọ́ kẹsàn-án tí ibà àti ikọ́ ti mú un, àyẹ̀wò sì ti fi hàn pé kòrónà ni. Ẹ̀rọ tí a há mọ́ ọn níka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ka 82 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ń mí ní ìgbà 34 láàárín ìṣẹ́jú kan. A fi ìbòmú alápò bò ó, a ṣí ọ́síjìn sí lítà 15 ní ìṣẹ́jú kan, òǹkà gòkè dé 91, ó sì dúró síbẹ̀. Àwòrán àyà rẹ̀ funfun nísàlẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, bí ẹni da ẹfun sí i.

Ohun tí gbogbo ẹni tó mọṣẹ́ ń ṣe nígbà náà la ṣe. A bẹ̀rẹ̀ dexamethasone, oògùn tí ń dín ìwúlé kù, mílígíráàmù 6 lójúmọ́, nítorí pé láti oṣù kẹfà ọdún 2020 ni ìwádìí RECOVERY tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi hàn pé ó ń dín ikú kù, ní ìdá kan nínú márùn-ún fún àwọn tó ń gba ọ́síjìn, ní ìdá kan nínú mẹ́ta fún àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí. A fún un ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. A ní kó máa dojú bolẹ̀ sùn ní wákàtí méjì méjì. Kò fẹ́ràn èyí rárá, ó ní ikùn òun kò gbà. Nígbà tó fi di ọjọ́ kọkànlá àìsàn, ọ́síjìn ṣì wà ní lítà 15, òǹkà sì ti rọra sọ̀ kalẹ̀ sí 88. Àwọn ẹ̀rọ alágbára tí ń fẹ́ lítà 60 sí aláìsàn nímú ti wà lára àwọn mìíràn, kò sí èyí tó ṣófo. Ohun tó kù ni kí a fi oògùn kùn ún lóorun, kí a ti páìpù bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, kí ẹ̀rọ máa bá a mí. Òun náà mọ̀. Ó ti rí ẹni méjì ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀, kò sì tíì rí wọn kí wọ́n padà.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló kọ́kọ́ dárúkọ táńkì. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, àrùn là á wò, ẹnìkan kì í wo ikú. Ẹ ní táńkì nísàlẹ̀. Mo kà á pé wọ́n ti ń fi wo kòrónà níbòmíràn. Kí ló dé tí ẹ ò tíì gbé bàbá mi wọ̀ ọ́?"

Lóòótọ́ la ní táńkì, èmi gan-an ni mo sì ń bójú tó o. Yàrá irin tó gba ènìyàn mẹ́fà ni. A ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, a ó fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sínú rẹ̀ títí ìfúnpá ibẹ̀ yóò fi di ìlọ́po méjì ti ìta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, aláìsàn yóò sì máa mí ọ́síjìn tí kò lábùlà nínú ìbòrí ọ̀rá. Òmùwẹ̀ tó yára jù láti jáde nísàlẹ̀ òkun, ẹni tí èéfín kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì pa lára, egbò ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ tó kọ̀ tí kò jiná, irú wọn ló ń wá sọ́dọ̀ mi. Kòrónà kò sí nínú wọn.

Ìdí tí táńkì fi ń wu ènìyàn kò ṣòro láti lóye. Inú sẹ́ẹ̀lì pupa ni ọ́síjìn ti ń gun ẹ̀jẹ̀ bí ẹni gun ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti kún, kò sí àyè mọ́, àfi ìwọ̀nba tó yòrò sínú omi ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́bàá òkun, fún ẹni tó ń mí afẹ́fẹ́ lásán, ìwọ̀nba yẹn kò ju mílílítà 0.3 lọ nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìfúnpá bá ti ń pọ̀ ni yíyòrò ń pọ̀. Ní ìlọ́po méjì, pẹ̀lú ọ́síjìn tí kò lábùlà, ó lè di mílílítà 4 àti díẹ̀. Ní ọdún 1960, oníṣẹ́ abẹ kan, Ite Boerema ní Amsterdam, fi hàn pé ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fa gbogbo sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ tán lè wà láàyè nínú táńkì tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ibí yìí ni ojú wọn ti máa ń là.

Ohun tí n kì í gbàgbé láti fi kún un ni pé ẹ̀dọ̀fóró tó pé ni ìṣirò yẹn wà fún. Nínú ẹ̀dọ̀fóró tí omi àti ìwúlé ti dí, ẹ̀jẹ̀ kan wà tó ń gba ojú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ kò dé rárá. Ẹ fi ìfúnpá tó bá wù yín sí i, ẹ̀jẹ̀ yẹn kò ní pàdé ọ́síjìn.

Ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà kò tó nǹkan. Àwọn dókítà ní Wuhan ti ròyìn ènìyàn márùn-ún tí wọ́n gbé wọ táńkì. Ní New York, wọ́n ti fi 20 tó wọ táńkì wé 60 tó jọ wọ́n ṣùgbọ́n tí kò wọ̀ ọ́, àwọn 20 ló sì ṣe dáadáa jù; ṣùgbọ́n kì í ṣe pé wọ́n ṣẹ́ kèké kí wọ́n tó pín wọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí dókítà rò pé ó lè fara da táńkì yàtọ̀ sí ẹni tí kò lè dìde. UHMS, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn abẹ́ omi àti ìfúnpá, ti sọ pé inú ìwádìí tí ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ bá fọwọ́ sí ni kí irú rẹ̀ wà.

Èmi a máa rántí Orval Cunningham, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, bí ọ̀rọ̀ yìí bá ti délẹ̀. Nígbà àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn ọdún 1918, ó kíyè sí i pé ikú pọ̀ sí i ní ibi tó ga lórí òkè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́. Ó bá ronú pé afẹ́fẹ́ tó ki ni yóò jẹ́ oògùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó aláìsàn sínú táńkì afẹ́fẹ́ ní Kansas City. Ó ní àwọn kan gbádùn. Lẹ́yìn náà ló fi táńkì wo àtọ̀gbẹ, rẹ́kórẹ́kó àti jẹjẹrẹ, olówó kan tó ń jẹ́ Henry Timken sì kọ́ bọ́ọ̀lù irin tó ga bí ilé alájà márùn-ún fún un ní Cleveland ní ọdún 1928. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà béèrè ẹ̀rí títí, kò rí i mú wá. Ní ọdún 1942 wọ́n wó bọ́ọ̀lù náà, wọ́n fi irin rẹ̀ ṣe nǹkan ogun. N kò pe Cunningham ní ọlọ́ṣà. Ó rí aláìsàn tó mí dáadáa lójú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ló gbà gbọ́.

A jókòó lórí ọ̀rọ̀ bàbá náà fún wákàtí kan ààbọ̀. Ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú ẹnìkan ṣoṣo, pẹ̀lú ìwé ìfọwọ́sí tó sọ gbangba pé a kò mọ̀ bóyá yóò wúlò. A fi ẹnu kò sí ìgbà márùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ní ìlọ́po méjì ìfúnpá ìta, ìyẹn bí ẹni tó wà ní mítà 10 nísàlẹ̀ òkun, fún ìṣẹ́jú 90. A yẹ etí rẹ̀ wò, a béèrè bóyá gìrì ti mú un rí, a tún àwòrán àyà yà láti rí i pé afẹ́fẹ́ kò jò síta ẹ̀dọ̀fóró. A kọ ohun tí yóò mú wa bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. A kò kọ ohun tí yóò mú wa dáwọ́ dúró. Àléébù ńlá àkọ́kọ́ nìyẹn, n kò sì mọ̀ ọ́n nígbà náà.

Ìgbà àkọ́kọ́ dùn. Nọ́ọ̀sì tó bá a wọlé fi aṣọ ààbò bo ara látòkè délẹ̀; ènìyàn kì í ronú bó ṣe rí láti wà nínú yàrá irin tí a ti pa pẹ̀lú ẹni tó ń wúkọ́ kòrónà fún wákàtí méjì, tí kò sì sí ẹni tó lè ṣílẹ̀kùn fún ọ lójijì. Kí wọ́n tó wọlé ló nu ọ̀rá ìpara kúrò ní ètè bàbá náà, nítorí pé òróró àti ọ́síjìn púpọ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ní Milan ní ọdún 1997, iná sọ nínú irú táńkì yìí, ènìyàn 11 sì kú. Lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó ń mú fóònù tàbí aṣọ ọ̀rá wọlé.

Nígbà tí ìfúnpá pé, òǹkà ka 99. Mímí rẹ̀ wálẹ̀ láti 34 sí 22. Láti ojú fèrèsé ni mo ti gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Ọmọ mi, ó tó ọjọ́ mẹ́rin tí mo ti sọ gbólóhùn kan parí." Àwọn tó dúró lẹ́yìn mi pàtẹ́wọ́.

Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí dúró díẹ̀ níbi ìsinmi àárín rẹ̀. Lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a máa ń yọ ọ́síjìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí aláìsàn mí afẹ́fẹ́ inú táńkì lásán, kí ọ́síjìn àpọ̀jù má baà fa gìrì. Afẹ́fẹ́ lásán ní ìlọ́po méjì dà bí ọ́síjìn 42 nínú ọgọ́rùn-ún lóde. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta òǹkà já sí 84. Kíá la dá ọ́síjìn padà, a sì gbàgbé rẹ̀ nínú ìdùnnú. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ọkùnrin yẹn ti sọ̀rọ̀ fún wa: kò sí ohun tó yí padà nínú òun.

Ó jáde pẹ̀lú 96 lórí ìbòmú lítà 15. Wákàtí kan lẹ́yìn náà, 93. Wákàtí mẹ́ta, 90. Kí ilẹ̀ tó ṣú, 88, gẹ́gẹ́ bó ti wà láàárọ̀.

Ọjọ́ kejì ni a fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, kì í sì í ṣe inú táńkì. Ó ti parí ìṣẹ́jú 90 láìsí wàhálà, a ń gbé e padà sí wọ́ọ̀dù lókè. Sílíńdà kékeré tó wà lábẹ́ ibùsùn, tó bá kún, máa ń gba nǹkan bíi lítà 680. Ní lítà 15, ìṣẹ́jú 45 ni. Kò kún. Ẹni tó gbé e wá wo géèjì ó rí i pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tíì wọ pupa, ó rò pé ó tó. Ẹ̀rọ agbéniròkè dúró, wọ́n ń fi gbé òkú sọ̀kalẹ̀, a dúró dè é. Nígbà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, àpò ìbòmú ti rọ mọ́lẹ̀. 79. 74. 71. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Nọ́ọ̀sì kan sáré lọ yọ sílíńdà lára ibùsùn mìíràn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilẹ̀ kejì. Ìṣẹ́jú bíi mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀, ó tó láti jẹ gbogbo èrè ọjọ́ méjì.

Láti ìgbà náà, sílíńdà méjì ló ń bá a rìn, a ń ṣírò ìṣẹ́jú tó wà nínú wọn kí a tó gbéra, a sì ń fi ìlọ́po méjì àkókò ìrìn sílẹ̀. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa táńkì kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà tó lọ síbẹ̀. Aláìsàn mi tí egbò wà lẹ́sẹ̀ a máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Aláìsàn kòrónà kò ní àlàfo kankan láti fi ṣòfò.

Ní ìgbà kẹta, etí ló dá wàhálà sílẹ̀. Bí ìfúnpá bá ń pọ̀, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà wọ ẹ̀yìn awọ ìlù etí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ awọ náà á tẹ̀ wọnú, á máa dun ènìyàn bí abẹ́rẹ́. Imú rẹ̀ ti dí látàrí ọ́síjìn gbígbẹ. "Bàbá, ẹ di imú yín mú, kí ẹ fẹ́ ẹ dáadáa," ni nọ́ọ̀sì wí, bí a ti kọ́ ọ, bí èmi fúnra mi ti kọ́ ọ. Ó fẹ́ ẹ. Kò ṣí. "Ẹ tún fẹ́ ẹ, Bàbá, ẹ fi agbára sí i." Ìgbà mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló fẹ́ ẹ kí etí tó là. A bá a dé ìlọ́po méjì, ó parí rẹ̀. Ṣúgà rẹ̀ tó wà ní 210 kó tó wọlé jáde ní 96, nítorí pé táńkì a máa fa ṣúgà alátọ̀gbẹ wálẹ̀, a sì ti fún un ní insulin láàárọ̀. A fún un ní nǹkan mu. Ìyẹn rọrùn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn òǹkà dúró ní 91, fún ìgbà àkọ́kọ́ kò padà sí 88. Inú gbogbo wa dùn. Ọmọ rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì gba ìdúpẹ́ náà. N kò sọ fún un pé ọjọ́ karùn-ún dexamethasone nìyẹn, àti pé láti àná ni bàbá rẹ̀ ti gbà láti máa dojú bolẹ̀ fún wákàtí mẹ́wàá lóòjọ́. Bí ẹni mẹ́ta bá jọ ru igi, ta ni yóò sọ pé òun nìkan ló gbé e?

Ní òwúrọ̀ ìgbà kẹrin, nọ́ọ̀sì tó yẹ kó bá a wọlé lọ kí i. Ó padà wá bá mi pé, "Dókítà, ohùn Bàbá ti yí padà. Ó ń dún bí ohùn pẹ́pẹ́yẹ." Mo ní imú dídí ni. Kò gbà. Ó fi ọwọ́ tẹ ọrùn rẹ̀ lókè egungun èjìká, ó sì pè mí kí n wá fi ọwọ́ tèmi náà tẹ̀ ẹ́. Ó ń ró pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ lábẹ́ ìka, bí ìgbà tí ènìyàn ń tẹ ọ̀rá onífóófó tí wọ́n fi ń wé gíláàsì. Afẹ́fẹ́ ti jò sábẹ́ awọ. Àwòrán fi hàn pé ó yí ọkàn ká, ó sì gun ọrùn lọ. Kò tíì dé àárín ẹ̀dọ̀fóró àti ìhà.

Àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé e ló dára jù nínú gbogbo ìtọ́jú náà. Dókítà ọ̀dọ́ kan sọ pé kí a wọ táńkì síbẹ̀: ìfúnpá yóò fún afẹ́fẹ́ tó jò náà kéré, ọ́síjìn yóò sì lé náítírójìn inú rẹ̀ jáde kíákíá. Òótọ́ ni, bí ènìyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ gbọ́dọ̀ gòkè. Bí ẹ̀dọ̀fóró tún bá já nígbà tó wà nísàlẹ̀, tí mílílítà 300 jò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà, 600 ni yóò dà bí a bá ti dé òkè, yóò tẹ ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn, inú yàrá tí a kò lè ṣílẹ̀kùn rẹ̀ lójijì. Mo ní a ti parí.

Ọmọ rẹ̀ bínú. "Ẹ ti yọ wọ́n kúrò níbi tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́." N kò ní ìwé kankan láti fi hàn án pé a ti pinnu tẹ́lẹ̀ ìgbà tí a ó dúró. Lójú rẹ̀, ẹ̀rù ló bà wá. Bí a bá ti kọ ọ́ sínú ìwé ìfọwọ́sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé afẹ́fẹ́ jíjò, tàbí òǹkà tó padà sí ibi tó ti wà láàárín wákàtí mẹ́fà lẹ́ẹ̀mejì, yóò fòpin sí i, ìjà yẹn kì bá tí wáyé. Ìlànà kejì yẹn ì bá sì ti dá wa dúró kí a tó dé ìgbà kẹta.

Ọjọ́ kan náà ni ẹ̀rọ alágbára kan bọ́ sílẹ̀. A gbé e sórí lítà 60, a fún un ní oògùn tó ń dá ikọ́ dúró, ó ń bá ìdojúbolẹ̀ lọ. Ọjọ́ kẹtàdínlógún àìsàn burú, òǹkà wà ní 86, páìpù sì ti wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò dé orí páìpù. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún ó bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún afẹ́fẹ́ ti kúrò lọ́rùn rẹ̀, ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ó lọ sílé lórí lítà méjì.

Kí ló mú afẹ́fẹ́ jò? Kòrónà a máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò wọ táńkì rí, ikọ́ líle náà sì lè fà á. Ṣùgbọ́n ìgbà mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án tó di imú tó sì fi gbogbo agbára fẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ní ọjọ́ tó ṣáájú, a sì mọ̀ pé irú fífẹ́ bẹ́ẹ̀ lè já àpò afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró tó ti rọ. N kò lè fi ẹ̀rí dì í mú, n kò sì lè yọ ọwọ́ wa kúrò níbẹ̀. Nísinsìnyí, aláìsàn tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò dá kì í fẹ́ imú lọ́dọ̀ mi. A ní kó gbé itọ́ mì, kó yán, kó mi àgbọ̀n, a sì ń fi ìṣẹ́jú 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìfúnpá pọ̀. Bí etí kò bá là, a jáde.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rí pọ̀ sí i díẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2021, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fún ará ìlú pé òun kò fọwọ́ sí táńkì fún kòrónà. Ní ọdún 2022, ìwádìí kan láti Argentina tó fi ìṣẹ́ kèké pín ènìyàn 40, ní ìlọ́po 1.45 ìfúnpá ìta, rí i pé òǹkà ọ́síjìn àwọn tó wọ táńkì tètè padà bọ̀ sípò, ní ọjọ́ mẹ́ta, nígbà tí ti àwọn tí kò wọ̀ ọ́ gba ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ènìyàn 40 kéré jù láti sọ̀rọ̀ ikú. Ìfúnpá tiwọn kéré sí tiwa, bóyá ìyẹn gan-an ló yẹ kí a kọ́kọ́ gbìyànjú. Bí ẹnikẹ́ni bá tún gbé irú aláìsàn yìí wá, inú ìwádìí nìkan ni mo máa gbà á sí, kì í ṣe nítorí pé ọmọ rẹ̀ ń sunkún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé yóò sunkún.

Ní oṣù kẹta lẹ́yìn tó lọ sílé, bàbá náà wá fún àyẹ̀wò, ó fi ẹsẹ̀ rìn wọlé. Ọmọ rẹ̀ ti sọ fún gbogbo ará ilé pé táńkì ló wò ó sàn. Méjì nínú àwọn ẹbí ti wá béèrè bóyá wọ́n lè wọ̀ ọ́ nítorí ikọ́ tó kù lára wọn. Mo béèrè lọ́wọ́ bàbá náà ohun tó rántí. Kò rántí 99. Iwájú ẹ̀rọ agbéniròkè ló rántí, ọ̀pá iná funfun lókè orí rẹ̀, àti nọ́ọ̀sì tó sá lọ láìsọ ibi tó ń lọ.